Àbẹ̀tẹ́lẹ̀, owó ẹ̀yìn àti ààlà èrú: èsì mi lórí ìwé ìléwọ́ ìdìbò Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Houston ló gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀: ìwé ìléwọ́ tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn òbí wa tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, àmọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé òfin kì í yé wọn. Wọ́n ní ká bá àwọn wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó péye fún ìjà ẹ̀tọ́ ìdìbò àti fún oríṣiríṣi owó tó ń ba ìṣèlú ibẹ̀ jẹ́. Èsì ti pọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ fara mọ́ ni pé kí "àbẹ̀tẹ́lẹ̀" dúró fún gbogbo owó tó bá ti kan olóṣèlú lọ́wọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: à-bẹ̀-tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tó ṣáájú ni. Ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ ọ̀nà, tó lọ rí ọ̀gá lálẹ́ kí wọ́n tó pín iṣẹ́, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló gbé lọ. Bí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ fún un tán, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò owó dé ńkọ́? Kò sí "tẹ́lẹ̀" níbẹ̀ mọ́. Ẹ lè ní èdè ni mo fi ń ṣeré, ṣùgbọ́n orí ohun tí mo sọ yìí gan-an ni ẹjọ́ Snyder dúró lé.

James Snyder ni olórí ìlú Portage ní ìpínlẹ̀ Indiana nígbà kan. Ní 2013, ìlú náà ra ọkọ̀ akólẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tó di 2014, ilé iṣẹ́ yẹn san 13,000 dọ́là fún Snyder. Òun ní owó ìmọ̀ràn tí òun gbà wọ́n ni. Ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akólẹ̀ ló bí i. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní oṣù kẹfà 2024, mẹ́fà nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án sì sọ pé òfin tí wọ́n fi mú un kò kan ẹ̀bùn tó tẹ̀ lé iṣẹ́, bí kò bá ti sí àdéhùn tó ṣáájú. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni kó lọ ṣe òfin tiwọn lórí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Brett Kavanaugh ló kọ ìdájọ́ náà, Ketanji Brown Jackson sì kọ ti àwọn mẹ́ta tí kò gbà.

Bí ìwé ìléwọ́ wa bá wá kọ ọ́ pé "òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba kí òṣìṣẹ́ ìjọba gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀", òótọ́ pọ́ńbélé ni, bí Yorùbá ṣe sọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe 13,000 dọ́là ti Snyder, a ti purọ́ fún ẹni tó ń kà á, torí yóò rò pé òfin yẹn ká a mọ́.

Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn dá "owó ìmoore" lábàá fún èyí tó ń tẹ̀yìn iṣẹ́ wá. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìwà ọmọlúàbí ni ìmoore lọ́dọ̀ wa; ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí a bá pè é ní ìmoore, a ti dá olówó àti olóyè láre kí ẹnikẹ́ni tó rojọ́. Kí ló ṣe "owó ẹ̀yìn" tó ti wà nílẹ̀? Tí wọ́n bá ní lágbájá gba owó ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá ojú mọmọ ló ti gbà á. Ẹ̀yìn àwọn ará ìlú ni wọ́n ti san án, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni wọ́n sì san án. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé méjèèjì. "Rìbá" lè bo gbogbo wọn lápapọ̀. "Ẹ̀gúnjẹ" ni kí a fi sílẹ̀ fún àwọn oníwèé ìròyìn.

Ohun kan ṣì kù lórí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bob McDonnell, gómìnà Virginia nígbà kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀bùn àti owó yíyá tó lé ní 175,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò kan, aago Rolex wà nínú rẹ̀. Ní 2016, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò láti wọ́gi lé ìdálẹ́bi rẹ̀: bíbá èèyàn ṣètò ìpàdé tàbí pípe ẹnìkan lórí fóònù, wọ́n ní ìyẹn nìkan kì í ṣe lílo àṣẹ ipò tí òfin àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń sọ. Nítorí náà, níbi tí àkọsílẹ̀ Ẹ̀gbọ́n ti ní "fífi ipò ṣe nǹkan", ẹ jẹ́ ká kọ "lílo àṣẹ ipò". Ti àkọ́kọ́ fẹ̀ ju òfin lọ. (Inú mi kò dùn sí ìdájọ́ yẹn o, àmọ́ ìwé ìléwọ́ kọ́ ni yóò tún un dá.)

Ti owó tí a kì í mọ olówó rẹ̀ rọrùn. Àbúrò wa tó ń kọ̀wé láti London pè é ní "owó òkùnkùn", bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é. Háà! Ẹ ka ìyẹn sétí màmá àgbà kan, ẹ gbọ́ bóyá kò ní bèèrè pé ta ni wọ́n fi ṣowó. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ni yóò sọ sí i lọ́kàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ní awo nínú: láti ìgbà ìdájọ́ Citizens United ní 2010, ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè náwó bó ṣe wù wọ́n láti polongo, bí wọn kò bá ti gbìmọ̀ pọ̀ mọ́ olùdíje, àwọn ẹgbẹ́ kan sì wà tí òfin kò fi dandan lé fún wọn láti dárúkọ àwọn tó ń fún wọn lówó. Owó náà fara sin. "Owó afarasin" ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ààlà àgbègbè ìdìbò tí àwọn aṣòfin ń yà kí ẹgbẹ́ tiwọn lè borí ("gerrymandering" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é), torí ibẹ̀ ni èsì ti gbóná jù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀: "jẹrimándà", "ìpín-àgbègbè-ìdìbò-lọ́nà-àbòsí" àti "ààlà èrú". Kí ẹni tó ń ka ìkejì tó dé ìparí rẹ̀, wọ́n á ti ka ìbò tán. Ti àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi fara mọ́ ìkẹta. Gbogbo ẹni tó bá ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ rí mọ ẹni tó ń fòru yẹ ààlà, tó hú pèrègún kúrò níbi tí bàbá bàbá wọn gbìn ín sí. Ohun tí àwọn aṣòfin ń ṣe náà nìyí, àyàfi pé ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe tiwọn.

Bàbá wa kan kọ̀wé pé ẹ̀sùn ni "èrú", pé ìwé tí a fẹ́ pín kò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n èébú ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1812, Elbridge Gerry, gómìnà Massachusetts, buwọ́ lu òfin tó pín àgbègbè ìdìbò kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ lè borí. Àgbègbè kan rí wọ́gọwọ̀gọ débi pé oníwèé ìròyìn ìlú Boston yàwòrán rẹ̀, ó fi ìyẹ́ àti èékánná sí i, wọ́n sì so orúkọ gómìnà pọ̀ mọ́ orúkọ ẹranko kan tó jọ alángbá. Gerry fúnra rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ààlà náà ṣiṣẹ́: ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣì mú ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ náà. Ti pé a ó gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan, àwòrán ààlà méjì ló wà nínú ẹjọ́ Rucho ti 2019, ti North Carolina tí àwọn Republican yà àti ti Maryland tí àwọn Democrat yà. Márùn-ún nínú adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kò lè dá sí ààlà tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá yẹ fún àǹfààní ara rẹ̀. Wọn ò sọ pé kì í ṣe èrú o. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn ni yóò gbọ́ ọ.

"Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ olùdìbò" tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Selma, ní ìpínlẹ̀ Alabama, mu, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta 1965, nígbà tí ọlọ́pàá fi kóńdó àti tajútajú lé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìdìbò lórí afárá, tí wọ́n fọ́ John Lewis, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, lórí. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ti òde òní, ìwé ni wọ́n fi ń ṣe é. Òfin tí Texas ṣe ní 2011 gba ìwé àṣẹ ìbọn ìléwọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdánimọ̀ fún olùdìbò, kò gba káàdì akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Kò sẹ́ni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ dù wọ́n ni. Ẹ jẹ́ ká kọ "fífi ẹ̀tọ́ ìdìbò duni".

Òfin 1965 yẹn ló sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ń fi ẹ̀tọ́ duni gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó yí ìlànà ìdìbò padà, títí kan ibùdó ìdìbò lásán. "Ìgbàṣẹ-tẹ́lẹ̀" tí ẹnìkan dá dára púpọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ẹjọ́ Shelby County ní 2013 ló sọ ọ́ di aláìlágbára. Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg, tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, ní ó dà bí ẹni tó ju agbòjò nù láàárín òjò torí pé òjò kò pa á. Lọ́jọ́ ìdájọ́ yẹn gan-an ni Texas kéde pé òfin 2011 òun yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Owó orí" fẹ́ àfikún. Àwọn òbí wa mọ owó orí: bí o kò bá san án, wọ́n á wá ọ wá, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Àgbẹ̀kọ̀yà fi dìde ní 1968. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, bí o kò bá san án, o ò dìbò nìyẹn. Dọ́là kan àbọ̀ ni ti Virginia, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fòpin sí i ní 1966. Ẹ kọ "owó orí ìdìbò". Kí ẹ má sì fi pe ti Florida, níbi tí òfin 2019 ti ní kí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n tán kọ́kọ́ san gbogbo owó tí ilé ẹjọ́ bù fún un kó tó dìbò. Àwọn alátakò pè é bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ sì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020. "Owó ìtanràn" tó.

Ẹ̀gbọ́n, èyí tó jẹ mí lógún jù wà lójú ewé tó kẹ́yìn, ojú ewé àkọ́kọ́ ló sì yẹ kó wà. Òfin 1975 tó ní kí wọ́n tẹ ìwé ìbò ní èdè mìíràn dárúkọ àwọn tó ń sọ èdè Spain, àwọn ará Éṣíà, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Alaska. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Àmọ́ láti 1982, òfin gba ẹni tí kò lè kà tàbí kọ láyè láti mú ẹni tó wù ú dání. Àkọsílẹ̀ yín pe ẹni náà ní "ògbifọ̀", ìyẹn sì ti dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, torí kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan ló lè ṣe. Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí: "Bí ẹ kò bá lè ka ìwé ìbò, ẹ lè mú ẹnikẹ́ni tó wù yín wọlé láti ràn yín lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ yín, aládùúgbò tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, àyàfi ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, aṣojú rẹ̀, tàbí olóyè tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín." Ẹni tó bá ní èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e wá kí Ẹ̀gbọ́n tó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.