Ọmọ mi fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ torí draft NFL, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dámi, Maryland:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ mi wà lọ́dún kẹta ní yunifásítì, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó rí bí ẹyin yẹn ló ń gbá. Òun ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù mọ́yà sáré, running back. Ó lóun ò padà sílé ìwé mọ́, draft lòun ń lọ, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn jẹun, ti máa ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìpele-ìpele. Sẹ̀mẹ́sítà méjì péré ló kù kó gba díńgírì! Láti ọjọ́ Kérésìmesì ni bàbá ẹ̀ ò ti bá a sọ̀rọ̀. Tọ́mọ bá wọ pálọ̀, á yí tẹlifíṣọ̀n sókè. Éjẹ́ǹtì kan ń pè é lójoojúmọ́ pé ìpele kejì ni wọ́n máa ti mú un, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ìgbìmọ̀ NFL tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn kọ ní kó padà sílé ìwé. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Màmá, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ yẹn máa ń sọ: ìpele kìíní, ìpele kejì, tàbí kó padà sílé ìwé. Ìpele méje ni draft ní. Tó bá bọ́ sí ìkẹfà, owó ìfọwọ́síwèé nìkan ló dájú, wọ́n lè lé e kí sáà eré tó bẹ̀rẹ̀. Éjẹ́ǹtì ń wá oúnjẹ tiẹ̀ ni.

Àǹtí Fúnkẹ́, Atlanta:
Olu Fashanu tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Maryland yín níbẹ̀ ló ti wá. Lẹ́yìn sáà eré 2022, wọ́n ń pariwo pé ìpele kìíní ló máa lọ, ó padà sí Penn State, yunifásítì ẹ̀. Ní 2024, New York Jets mú un, òun ni ẹni kọkànlá tí wọ́n mú.

Bọ̀dá Wálé, Dallas:
Àǹtí, ẹ má bínú, Fashanu kì í gbé bọ́ọ̀lù sáré, ó ń dènà ni. Ara running back ń tán díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e ṣánlẹ̀ ló ń jẹ nínú ẹ̀. Marcus Lattimore, running back yunifásítì South Carolina, orúnkún ẹ̀ bàjẹ́ ní 2011, òmíràn tún bàjẹ́ ní 2012. Ẹgbẹ́ San Francisco mú un ní ìpele kẹrin ní 2013, kò gbá eré kan tó fi fẹ̀yìn tì ní 2014. Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o.

Ìyá Dámi:
Hà, ẹ̀rù ti wá bà mí. Kí ló wá kù?

Bàbá Ìbejì:
Bọ̀dá Wálé ò parọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ béèrè owó. Láti oṣù Keje 2021 ni wọ́n ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ ara ẹ̀ pawó, láti 2025 ilé ìwé fúnra ẹ̀ lè san án. Kó béèrè lọ́wọ́ kóòṣì: èló ni lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé wọ́n á ra ìǹṣọ́ránsì fún orúnkún ẹ̀? Kó wà nínú ìwé o. Kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ síwèé éjẹ́ǹtì NFL kankan. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀nà àtipadà ti dí nìyẹn.

Ìyá Dámi:
Mo ka èyí sókè ní pálọ̀. Bàbá ẹ̀ ní, "Ilé ìwé ló máa sanwó fún un?" Ó ti dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Ọmọ ń wá nọ́ńbà kóòṣì nínú fóònù.