Orúkọ mi kì í wọ́n nínú iṣẹ́ alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwa tá a lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ṣiṣẹ́, àwa àlejò mẹ́rin láàárín ọmọ ìlú tó lé ní ogún. Kò sẹ́ni tó bú wa o. Wọ́n ń kí wa, wọ́n ń bá wa ṣàwàdà. Ara ògiri lọ̀rọ̀ wà, níbi tí ọ̀gá máa ń lẹ ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ orúkọ ọmọ ìlú, torí wọ́n lè wá bẹ̀ ẹ́ kó yí i. Bírò ló fi ń kọ tiwa.

Lóṣù kan mo kà á: alẹ́ 16 ló kàn mí, 5 ló kan ẹni tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní, "Ṣebí ìwọ ò ní ìyàwó àtọmọ níbí." Mo mà ní wọn o! Irú ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún mi ni kò jẹ́ kí n lè mú wọn wá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́, wọ́n ní kí n kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to páálí tí kò fi ní wó, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ò pé tó fi dọ̀gá mi. Wọ́n ní èdè àwọn ò tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Èdè yẹn kan náà ni mo fi kọ́ ọ níṣẹ́.

Kí ló dé tí mi ò fi kúrò? Orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ló wà lára ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé mi, ìwé náà ti di bébà lásán.

*

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Tèmi, owó ni. Àfikún wákàtí tí mo ń ṣe, wọn ò kà á kún nǹkan kan. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ìgbà tí mo wọlé àtìgbà tí mo jáde sínú rẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo gbé e lọ fún. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Àdéhùn 97 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 1949. Orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ti àlejò tó wọ̀lú lọ́nà òfin kéré sí ti ọmọ ìlú níbi tí òfin bá ti ń darí owó iṣẹ́, àfikún wákàtí àti ìsinmi olówó. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò fọwọ́ sí i ṣá o, ẹ kọ́kọ́ wádìí tibi tẹ́ ẹ wà. Wọ́n san owó mi. Àtọjọ́ náà ni ọ̀gá ò ti kí mi mọ́, mo sì ń sùn dáadáa.

*

Mo ka ti ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ yẹn lánàá, mi ò lè fèsì. Àlejò lèmi náà, ọdún kẹsàn-án mi rèé. Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá kékeré lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo ń kọ ìwé ara ògiri báyìí. Láàárọ̀ yìí mo lọ wo èyí tí mo lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọn kì í ráhùn, ni mo kó gbogbo alẹ́ Sátidé fún. Bírò ni mo fi kọ ọ́.