Ìdánwò mi lórí CloudLab ti wọmi, ẹ gbà mí o

ỌmọÌgbógbó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ń gbé, iṣẹ́ másítà ni mò ń ṣe. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló gba project ní CloudLab, ibi tí wọ́n ti ń yá àwọn olùwádìí ní server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì; èmi wọlé sábẹ́ wọn. Ọjọ́bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, mo gba server mẹ́rin ní Utah, mo gbé ìdánwò ìwádìí mi sí i. Aago 9 alẹ́, wọ́n mú iná lọ. Módẹ́ẹ̀mù kú, laptop mi tí bátìrì rẹ̀ kì í lo ogún ìṣẹ́jú tẹ̀ lé e. Mo ní ṣebí Amẹ́ríkà ni server wà, kí ló kàn án pẹ̀lú iná Ìkòròdú? Mo sùn. Nígbà tí mo fi rí ibi ṣáàjì ní Sábó lọ́jọ́ kejì, aago 1 ti lù. Kò sí experiment mọ́, ìyẹn àyè tí mo gbà lórí server wọn! Ṣé mo ṣì lè rí èsì mi gbà padà?

ArákùnrinẸ̀pẹ́
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ó ti lọ nìyẹn. Wákàtí 16 ni wọ́n ń fúnni bí èèyàn ò bá tọrọ àfikún. Ka á láti aago 4: aago 8 àárọ̀ ló pé. Odidi server ni wọ́n ń gbé fúnni níbẹ̀, bó bá sì ti pé, ẹlòmíì ló kàn, ohun tó wà lórí disk rẹ̀ lọ nìyẹn. /proj, ìyẹn fódà project yín, ni kí o máa kó èsì sí, ìyẹn kì í bá experiment lọ. Ṣé o tiẹ̀ lo tmux, èyí tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí server bí ìsopọ̀ rẹ bá tilẹ̀ já?

ỌmọÌgbógbó
Rárá, ẹ̀gbọ́n. SSH lásán, ìyẹn ìsopọ̀ tí mo fi ń wọ server láti orí laptop.

ArákùnrinẸ̀pẹ́
Háà! A jẹ́ pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ gan-an ni ìdánwò ti kú. SSH tó já ló pa á. Ká ní inú tmux ló wà, iná ì báà lọ, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí àkókò rẹ á fi pé.

ÌyáÌbejì_Àgbádárìgì
Bí ìdánwò bá gùn, ẹ wo Chameleon (alágẹmọ nìyẹn), irú CloudLab náà ni, ti Chicago àti Texas. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ń fúnni, èèyàn sì lè tún un gbà bí ẹlòmíì ò bá tíì gba àyè náà. Àmọ́ alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ: bí ẹ ò bá ṣe snapshot, ìyẹn ẹ̀dà ohun tó wà lórí server, kí ọjọ́ tó pé, gbogbo ohun tí ẹ tò sórí ẹ̀ ló lọ.

ỌmọÌgbógbó
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, mà. Mo ti gba server tuntun ní CloudLab, mo ṣàlàyé fún wọn, mo tọrọ ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ó wà nínú tmux, èsì ń wọ /proj. Iná tún ti lọ báyìí. Fóònù ni mo fi ń kọ èyí, mò ń jẹ ẹ̀bà.