Mallard ni àbí òmíràn?

Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ mú ọmọ mi lọ wo ọkọ̀ ojú irin eléèédú ní mùsíọ́mù ọkọ̀ ojú irin ní York, nílẹ̀ England, ní Sátidé. Èwo ni ká kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn: Mallard ni! Búlúù ni, Gresley, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló ṣètò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní July 3, 1938, ó sá eré máìlì 126 ní wákàtí kan. Kò tíì sí eléèédú tó borí ẹ̀. Àmọ́ apá kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná jù lọ́jọ́ náà, ìlú Peterborough ló rọra wọ́ dé.

Ìdáhùn: Evening Star lèmi ń ṣàárò ní tèmi. Ìlú Swindon ni wọ́n ti kọ́ ọ ní 1960: òun ni eléèédú tí British Railways, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìjọba, ṣe kẹ́yìn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ṣé a lè gun ọ̀kan?

Ìdáhùn: Ẹ lọ sí ìlú Keighley, eléèédú ṣì ń gbé èrò níbẹ̀. Èéfín ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi jẹ́ níbẹ̀, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.