Ta ló ti sùn ní Barstow rí? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Àwọn ọmọ fẹ́ gba hólídè, a fẹ́ wakọ̀ láti Los Angeles lọ Las Vegas. Bàbá Ìbejì ní ká sùn mọ́jú ní Barstow. Kí ló wà nínú aṣálẹ̀ yẹn gan-an?

Ajísafẹ́: Oòrùn.

Bàbá Tírélà: Ajísafẹ́, jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀. Láti 2004 ni mo ti ń gbé ẹrù gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ I-40 ti yà kúrò lára I-15. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yà sí i, pátákó kan ló kí mi: Wilmington, North Carolina, 2,554 máìlì. North Carolina náà sì lẹrù ẹ̀yìn mi ń lọ! Mo páàkì, mo pe ìyàwó mi, mo ní Ìyá Bọ́lá, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.

Ṣadé_Vegas: Oṣooṣù ni mò ń gbabẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí pátákó kankan.

Bàbá Tírélà: Wọ́n ti jí i. Wọ́n á ri òmíràn mọ́lẹ̀, wọ́n á tún jí i. Ó sú ìjọba.

Ajísafẹ́: Àwọn tó ń jí wáyà iná nílé ò mọ̀ pé àwọn ní ẹbí l'Amẹ́ríkà.

Ọmọ Rélùwéè: Ẹ fi pátákó sílẹ̀. Rélùwéè ló bí ìlú yẹn. Orúkọ William Barstow Strong, ọ̀gá àgbà rélùwéè Santa Fe, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní 1886. Wọ́n ti fi "Strong" sọ ìlú mìíràn ní Kansas, ni wọ́n bá mú orúkọ àárín.

Ìyá Ìbejì, ẹ dé Casa del Desierto, ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ojú irin. 1911 ni wọ́n kọ́ ọ, lẹ́yìn tí iná jó èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Fred Harvey ló ń bọ́ èrò ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀; àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ni wọ́n ń pè ní Harvey Girls. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1992 bà á jẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Ilé àkójọ nǹkan àtijọ́ rélùwéè àti ti Route 66, ọ̀nà ọkọ̀ àtijọ́ tó gbabẹ̀ kọjá, ló wà nínú ẹ̀ báyìí.

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Mo dúró lábẹ́ àwọn ẹnu ọ̀nà bíríkì ilé yẹn, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ń kọjá, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Mo ka wágọ́ọ̀nù dé 112. Ọmọ mi ní òun fẹ́ tọ̀, iye tí mo kà bá pòórá.

Ajísafẹ́: Orúkọ àárín tèmi ni Fáṣọ́lá Àbíkẹ́yìn. Ẹ wo ìlú tí mo fẹ́ pàdánù.

Ṣadé_Vegas: 😂😂 Àbíkẹ́yìn Junction

Nọ́ọ̀sì Ayọ̀: Àwa lọ sí Calico, kò jìnnà sí Barstow. Ìyá ọkọ mi gbọ́ pé "ìlú iwin" ni, wọ́n ní àwọn ò sọ̀ kalẹ̀. Inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, epo ń lọ.

Bàbá Tírélà: Ta ló ní ìlú iwin? Ahoro ló ń jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ayọ̀: Ẹ bá mi sọ fún màmá, sà. Fàdákà ni wọ́n ń wà níbẹ̀ láti 1881. Nígbà tí owó fàdákà já wálẹ̀, oníkálukú palẹ̀ mọ́. Walter Knott, ẹni tó dá ọgbà ìgbafẹ́ Knott's Berry Farm sílẹ̀, rà á ní 1951, ó tún ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kọ́, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ (county) ní 1966.

Ajísafẹ́: Ẹ dúró ná. Ahoro tí wọ́n tún kọ́, tí ẹ tún sanwó wọ̀?

Bàbá Tírélà: Kì í ṣe ahoro mọ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ayọ̀: Ẹ̀yin lẹ ní ahoro lẹ́ẹ̀kan!

Ọmọ Rélùwéè: Ahoro tó ń ta áísìkiriìmù.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ní odò wà níbẹ̀. Ṣé ọmọ lè wẹ̀ ńbẹ̀?

Ṣadé_Vegas: Àǹtí mi, odò Mojave? Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà jù. Yanrìn lẹ máa bá.

Ìyá Ìbejì: Háà. Mo ti ra aṣọ ìwẹ̀ méjì.

Nọ́ọ̀sì Ayọ̀: Ẹ gbé wọn lọ sí McDonald's tí wọ́n fi kọ́ọ̀ṣì rélùwéè ṣe. Ìyá ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní tiwọn.