Fáànù kì í dúró, ọkọ̀ ń mu epo: ṣé sẹ́ńsọ̀ omi ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ mi ti 2006, ẹ́ńjìnnì 1.8, ń mu epo gan-an. Láàárọ̀ kùtù pàápàá, bí mo bá ti sítáàtì ni fáànù á bẹ̀rẹ̀, èéfín dúdú á máa jáde lẹ́yìn. Skáńnà tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ gbé kóòdù P0118 jáde, ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì ní ká yọ tẹmosítáàtì (fáàfù tó ń dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) dànù. Ṣé kí n gbà?

Bàbá Rìwáyà: Ẹ má gbà o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹmosítáàtì kì í tètè gbóná, epo á tún máa lọ sí i. P0118 sábà máa ń jẹ́ pé iná ti já níbi sẹ́ńsọ̀ yẹn. Kọ̀ǹpútà á rò pé omi tutù bíi yìnyín, á máa da epo sí i. Á sì tan fáànù kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná.

Ẹ wo skáńnà: tó bá ka -40°C, ẹ yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ (tó bá jẹ́ olójú méjì), kí ẹ fi wáyà kékeré so ojú méjèèjì inú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà pọ̀. Tí nọ́ńbà bá fò sókè gan-an, wáyà dára, sẹ́ńsọ̀ ló kú. Tí kò bá mira, wáyà ni kí ẹ tọ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Ẹ wo inú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà dáadáa, ìpẹtà aláwọ̀ ewé máa ń wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú sẹ́ńsọ̀, omi yẹn ń bó èèyàn lára.

Ìyá Ìbejì: -40 ló kà! A so ó pọ̀, ó fò kọjá 130. Mò ń lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá.