"Ìkópa" kò tó o

Ẹ̀yin àgbà, mo kí i yín láti Òṣogbo. Mo rí àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé kí á máa pe bí aráàlú ṣe ń dá sí àtúntò ilé ìwòsàn lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ní "ìkópa aráàlú". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò tó. Ẹni tó na apá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti kópa. Ìyá tó lo ìbòmú lọ sí Ọjà Ọba ti kópa. Ta ló bi wọ́n ibi tó yẹ kí á ti máa gún abẹ́rẹ́ náà, àti àsìkò tí yóò rọ ọlọ́jà lọ́rùn?

Ìkéde Alma-Ata, tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé jọ ṣe lórí ìlera ní 1978, sọ pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn èèyàn ni láti lọ́wọ́ sí ètò ìlera wọn, nínú ìgbèrò àti nínú ìṣe. Ìkópa gbé ìṣe, ó fi ìgbèrò sílẹ̀.

"Ìfọ̀rọ̀lọ̀" tí àwọn kan fẹ́ràn tún burú ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ bàbá àgbà nígbà tí ìkòkò àsè ti wà lórí iná, kí ló kù tí bàbá fẹ́ wí?

"Àjọgbìmọ̀" ni tèmi. Ẹnìkan yóò ní "ìgbìmọ̀" ti di kọmití. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ìlànà ìlera alábọ́ọ́dé wa ní Nàìjíríà, ìyẹn ìtọ́jú àkọ́kọ́ tó sún mọ́ aráàlú jù, náà fẹ́ kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tirẹ̀, èyí tí aráàdúgbò yóò ti jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera. "Àjọpinnu" dùn létí jù ú lọ, àmọ́ irọ́ wà nínú rẹ̀: ìjọba ló ṣì ń pín owó, òun ló ń gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́.

Ẹ rántí "kónílé-ó-gbélé" ní 2020. Gbólóhùn odidi ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Bí mo bá sọ fún ìyá aláta pé "a fẹ́ ṣe àjọgbìmọ̀ lórí ilé ìwòsàn àdúgbò", ó ti yé e.

Èyí tó ń dà mí láàmú gan-an ni orúkọ ẹni tí a fẹ́ pè jókòó. "Aláìsàn" kọ́ ni aboyún tó wá ṣàyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ tí wọ́n gbé wá gba àjẹsára. "Oníbàárà" ń rùn bí owó. Ṣé kí á lo "olùgbàtọ́jú"? Ẹ bá mi wò ó.